Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹta

Ìwé tuntun, gègé àtijọ́. Mo ti sọ pé n kò ní kọ irú èyí mọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún inú mi láti ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sì lè bá sọ ọ́ nínú ilé yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lónìí, èmi àti Ẹnìkejì. (Ìyàwó mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Lójú ayé, Ìyá Àgbà ni mo ń pè é, bíi ti gbogbo ará ilé.) Yàrá òkè ní ilé ìkàwé — àga oníke, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n pe gbogbo òbí àti alágbàtọ́ tí ọmọ wọn wà ní Yàrá Ẹ̀yìn. Yàrá Ẹ̀yìn ni ibi tí ilé-ìwé ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà kì í tètè yé, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tiwọn. Ibẹ̀ ni Àkókó wà, ọmọ ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún mẹ́jọ. Mo sọ ọ́ ní Àkókó nítorí pé ó máa ń fi ìka kan tábìlì kó-kó-kó kí ó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, ọmọ wa, ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ọwọ́ wa ni ọmọ wà. Ní báyìí, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ fẹ́ ti yàrá náà pa, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwa òbí bí a ṣe ń dúró fún ọmọ: bí a ṣe ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń kó àdúgbò jọ, bí a ṣe ń ṣe aṣáájú.

Èmi tí mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí irun mi fi funfun. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n wá ran olùkọ́ lọ́wọ́ ni. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tèmi dání.

Olùkọ́ náà, ọmọdébìnrin kan tí kì í fìdí kan àga — Aláìjókòó ni n óò máa pè é — wo ṣọ́ọ̀kì náà, ó ní, "Bàbá, a ò ní pátákó níbí o." Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Wọ́n to àga yí po. Mo ń wá iwájú, n kò rí iwájú. Ẹnìkejì bi mí lábẹ́lẹ̀ pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Òfin àkọ́kọ́ Aláìjókòó: o kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọmọ tìrẹ. Ó ní tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tirẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ́ kí ó rántí pé ẹ̀tọ́ ni òun ń béèrè.

Òfin kejì: wàá lọ bá ọmọ náà nílé, wàá gbọ́ tẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà wàá dúró láàárín gbogbo wa, ọmọ náà yóò jókòó tì ọ́. Bí o bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, yóò nawọ́. Bí ó bá ti nawọ́, kí o dákẹ́, kí o bi í pé báwo ló ṣe rí.

Mo ní ṣé ọmọdé ni yóò wá máa tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Ọmọkùnrin Télọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Télọ̀ ni obìnrin tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé; ahọ́n rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin Awakọ̀ bọ́ sí Ẹnìkejì lọ́wọ́. Ọkùnrin gàgàrà ni Awakọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, kì í sọ̀rọ̀ kó má fi àwàdà sí i.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé Télọ̀. Mo to ìbéèrè mi sílẹ̀, ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ parí. — Ẹnìkejì ti wà nílé Awakọ̀ láti ọ̀sán, kò tíì dé. Kí ni wọ́n ń sọ?

Ó dé. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ní ọmọ náà ń fi àwọn ìdérí ìgò tó ń kó jọ han òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó ní òpin. Mo ní ọmọ yìí jẹ́ ọlọ́gbọ́n ọmọ tí ó fẹ́ràn ìwé. Ọmọ náà nawọ́. Mo dákẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ràn ìwé o. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, ó dára, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í lálaalẹ́ kí ó lè kàwé. Ọwọ́ tún dé òkè. Ó ní aṣọ ni màmá òun máa ń rán lálẹ́, ẹ̀gbọ́n òun ló máa ń jókòó ti òun, oorun ló sì máa ń sùn. Télọ̀ ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ta ló bi ọ́?" Aláìjókòó ní òun ló bi í. Mo ní ọmọ tí kì í bẹ̀rù ni. Ọwọ́ nìyẹn. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbí, títì ti tán." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eyín lásán.

Ẹnìkejì dìde. Kò mú ìwé dání. Ó dúró títí mo fi rò pé ó ti gbàgbé. Ó wá ní ọmọ yìí a máa dá ìró ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ̀ láti ìkóríta, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ẹni tó létí tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ní kíláàsì ńlá, gbogbo ariwo ló ń gbọ́ pa pọ̀, ti ìjókòó, ti bàtà, ti ọmọ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn, ohùn olùkọ́ a sì sọnù sínú rẹ̀. Ní Yàrá Ẹ̀yìn, ó ń gbọ́ olùkọ́.

Ọmọbìnrin náà nawọ́. Inú mi dùn — kí n má purọ́ — inú mi dùn gan-an. Ẹnìkejì dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní báwo ló ṣe rí, ọmọ mi? Ọmọ náà ní kó tún un sọ.

Awakọ̀ ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní eruku fáànù ni.

Ibo ló ti kọ́ ọ? Èmi tí mo ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe mi.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Ẹnìkejì ń kọrin nílé ìdáná. N kò mọ orin náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹta

Lónìí ni wọ́n yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa níwájú ìgbìmọ̀, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù aláwọ̀ eérú mi sílẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìkíni tí n óò fi bẹ̀rẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì bí a ṣe ń lọ.

Aláìjókòó ní ta ni ẹ fẹ́? Télọ̀ ní, "Màmá ni o jàre. Kí la tún ń wò?" Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Mo wò yíká. Ọwọ́ gbogbo èèyàn ti wà lókè àfi tèmi àti ti Ẹnìkejì. Mo gbé tèmi. Ó wúwo.

Lọ́nà ilé, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o. Ẹ ò ṣe bá mi lọ síwájú, kí ẹ sọ díẹ̀, kí n sọ díẹ̀?" Mo ní rárá o, ìwọ ni wọ́n yàn. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń súre. Kì í ṣe ìre.

Ó wá ní kí n bá òun wo ohun tí òun fẹ́ sọ. Mo fi yíǹkì pupa wò ó. N kò dá ìlà kan sí. Nígbà tí mo parí, ó dàbí ìwé tí wọ́n dúńbú adìẹ sí lórí. Ó ní ẹ ṣeun. Ó ká a sí méjì, ó fi gbé ìkòkò gbígbóná.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹta

Mo ti ń rò ó láti àárọ̀.

Nígbà tí èmi àti Ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ilé-ìwé kan náà ni a wà. Bí agogo ìparí bá ti dún, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, wọn yóò máa du báàgì rẹ̀ gbé. Àwọn ti kíláàsì tèmi a máa sáré gba ẹnu ọ̀nà kejì. Ọdún tí mo di ọ̀gá, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kò dára kí tọkọtaya wà ní ilé-ìwé kan. Mo sọ fún un pé òfin ni. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tó jìn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí oyún kejì fi dé, ó wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò ráhùn. Ó ní òfin ni, kí la fẹ́ ṣe sí i.

Kò sí òfin bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣẹ àwọn ọmọ ẹlòmíràn náà. Mo na èyí tí kò yẹ kí n nà, mo lé èyí tó yẹ kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn tí mo rí nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n dàgbà, mo ti bẹ̀ wọ́n. Ti Ẹnìkejì yìí nìkan ni n kò tíì là lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹta

Fóònù ilé ti di ti Ẹnìkejì. Bí ó bá dún, kì í ṣe èmi. Àwọn òbí tí n kò mọ̀ rí ń kan ilẹ̀kùn, "Ẹ káàsán Bàbá, Màmá ńkọ́?" bí ẹni pé mo gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun àti Télọ̀ ń ti ojúlé kan bọ́ sí èkejì, wọ́n ń pe àwọn tí kò tíì wá sí ẹ̀kọ́.

Awakọ̀ yà lọ́sàn-án. Mo ní kò sí nílé. Ó ní, "Kò burú, Ọ̀gá. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọ̀gá mi ti fún mi láyè Ọjọ́bọ̀. Àbí ẹ̀yin kọ́ ni akọ̀wé?" Àwàdà ni. Mo bá a sọ.

Nídìí oúnjẹ, Ẹnìkejì ń sọ fún mi ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọge. Mò ń bu oúnjẹ sẹ́nu léraléra kí n má baà ní láti fèsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta

Aláìjókòó ní kí n ṣe bí ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń kọ̀, kí àwọn òbí fi mí dánra wò. Ó ní mo ní ojú rẹ̀. Mo ṣe é. Mo ní kò sówó, kò sáyè, ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ta ló tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ wá síbí? Ó ń dùn lẹ́nu mi. Awakọ̀ gbìyànjú, ó jókòó. Télọ̀ bínú sí mi dé ibi pé ó gbàgbé pé eré ni.

Ó kan Ẹnìkejì. Mo le mọ́ ọn ju bí mo ṣe le mọ́ ẹnikẹ́ni lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín." Ó ní, "Ó lè má yé mi lóòótọ́. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lójú àwọn ọmọ yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Aláìjókòó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe o. Bí ẹni tó ti ṣe é rí."

Mo ti ṣe é rí.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́. Mo sọ fún Ẹnìkejì pé oníṣègùn eyín ni mo fẹ́ lọ rí.

Ọ̀gá Kékeré wà níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ kíláàsì mi ni nígbà kan. Òun ló ń bójú tó gbígbé ọmọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn báyìí. Ó fò dìde lẹ́yìn tábìlì. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ọ̀gá, ẹ ò mà darúgbó rárá sà." Wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù wá. Wọ́n gbé omi tútù wá. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fò dìde nítorí mi. Mo jókòó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo sọ ti Àkókó fún un. Ó ní, "Ọmọ ọmọ yín nìkan ni, sà? Ìyẹn ò le." Àyè kan ṣoṣo ló kù ní ilé-ìwé tó wà lódìkejì afárá, níbi tí wọ́n ti ní olùkọ́ tó mọ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ó tẹ fọ́ọ̀mù jáde, mo fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, ó fún mi ní ẹ̀dà kan. Ó ní ti àwọn ọmọ yòókù dọwọ́ ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó wá ń wò mí, bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan nípa àwọn yòókù. Mo mu omi.

Kí ni mo fẹ́? Kí n kọ ọ́ kí ojú mi lè rí i: mo fẹ́ kí Ẹnìkejì kùnà díẹ̀. Kì í ṣe púpọ̀. Kí ó délé kí ojú rẹ̀ fà ro, kí ó ní wọn ò gbọ́, kí èmi wá yọ ìwé yìí lápò, kí n ní má ṣèyọnu, mo ti ṣe é.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹta

Ẹnìkejì ń sọ̀rọ̀ níwájú dígí, Àkókó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé náà wà lápò mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ nǹkan ni. Mo ní mò ń wá awò mi. Àkókó ní, "Ó wà lójú yín, Bàbá Àgbà."

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. Tábìlì gígùn, èèyàn márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ike omi níwájú oníkálùkù. Òbí kún ẹ̀yìn dé ẹnu ọ̀nà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń pe ìpàdé òbí, n kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ so táì. Mo jókòó sí ìlà kẹta.

Ẹnìkejì dìde. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́. Ó sọ ti ọmọ Awakọ̀. Ó sọ ti ọmọ Télọ̀, ó sì mọ ohun tí èmi tí mo lọ sílé wọn kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá dá àwọn ọmọ yìí padà sí kíláàsì ńlá, wọn yóò jókòó sẹ́yìn, wọn yóò dákẹ́, gbogbo wa yóò sì máa sọ pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ìyẹn gún mi. Mo ti kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò àìmọye ọmọ: ọmọ jẹ́jẹ́. Alága fi gègé sílẹ̀, ó ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó ti borí. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí bàtà fún.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan ní ìkángun tábìlì ṣí fáìlì. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ ni ọmọ yìí?" Ó ka orúkọ Àkókó. Ẹnìkejì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ní, "Ó wà níbí pé kò ní sí nílé-ìwé yẹn mọ́ lẹ́yìn ìsinmi. Ọkọ yín ti wá gba àyè fún un níbòmíràn, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ló wá kàn yín pẹ̀lú Yàrá Ẹ̀yìn?" Kò sọ ọ́ tìkàtìkà. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ẹnìkejì yíjú padà. Kò wá mi kiri; ó mọ ibi tí mo jókòó. Kì í ṣe ìbínú ni mo rí lójú rẹ̀. Ó dàbí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè. Ó kọjú sí wọn padà, ó ní, "Mi ò mọ̀ sí i. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ mi ni mo wá sọ̀rọ̀ fún." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ariwo ti sọ lẹ́yìn, ẹnì kan ń sọ pé àwọn tó gbọ́n ti kó tiwọn lọ. Alága ní kí a dákẹ́. Wọ́n sún ìpinnu sí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá náà wá sọ tẹnu rẹ̀.

Lẹ́nu géètì, Télọ̀ ní, "Màmá, ẹ ti gba tiyín, ẹ wá ń kó wa kiri oòrùn?" Èmi ló yẹ kí n fèsì. Mo ń wo bàtà mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹta

Ẹnìkejì gbé oúnjẹ fún mi. Ó gbé omi fún mi. Ó kí mi káàárọ̀. N kò rí ohun kan tí mo lè sọ pé kò ṣe.

Ó jáde, ó padà wọlé lọ́sàn-án. Ó ní òun lọ sí ọ́fíìsì láti dá àyè náà padà, wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ sí i nìkan ló lè fà á yọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Kò ní kí n lọ. Ká ní ó pàṣẹ fún mi ni, mo mọ ohun tí n bá sọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà rèé. Bí mo bá fà á yọ, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè náà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá wá ti Yàrá Ẹ̀yìn pa, Àkókó ò ní ibì kankan. Bí n kò bá fà á yọ, Ẹnìkejì ò ní sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, bóyá kò sì ní sọ̀rọ̀ níbì kankan mọ́.

Ìdí tó dára wà tí mo fi lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun ló ń bà mí lẹ́rù. Kò sígbà tí n kò ní ìdí tó dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

N kò lọ sí ẹ̀kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnu Ẹnìkejì ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tó ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Télọ̀ ní àwọn gbà. Awakọ̀ ní òun ò gbà o, ó ní tó bá jẹ́ òun ni wọ́n gbé síwájú ìgbìmọ̀, àwàdà ni òun máa ṣe títí wọ́n á fi ti gbogbo ilé-ìwé pa. Wọ́n fà á, wọ́n fà á. Aláìjókòó jókòó, àfi bí ẹni tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún. Wọ́n fẹnu kò sí i pé àwọn á dúró di Ìṣẹ́gun. Bí Àkókó bá ṣì wà lára àwọn ọmọ yàrá náà, Ẹnìkejì ni yóò sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí, Awakọ̀ ni.

Ọmọ wa bi í pé kí ni Dádì tiẹ̀ ní lọ́kàn. Mo dúró lójú ọ̀nà yàrá, mò ń gbọ́. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ ran ọmọ ẹ lọ́wọ́ ni."

Ó gbè mí. Ó sàn kí ó bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Mo bi Àkókó pé ṣé yóò fẹ́ ilé-ìwé tó wà lódìkejì afárá. Kó-kó-kó. Ó ní ṣé ọmọ Awakọ̀ náà máa wà níbẹ̀. Mo ní rárá. Kó-kó-kó. Ó ní ọmọ Awakọ̀ ló máa ń gbọ́ bàtà olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn, tó máa ń sọ fún àwọn kí àwọn tètè jókòó. Tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á máa ká òun mọ́ ìdí eré.

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé mi lọ?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí ló dé. Ó dúró de èsì pẹ́, kó tó lọ ṣeré.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹta

Mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Ọ̀gá Kékeré tún fò dìde, àga onítìmùtìmù tún dé. Mo ní n kò ní jókòó. Mo ní mo fẹ́ fa orúkọ ọmọ mi yọ.

Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ìyá kan ti ń dúró de àyè yẹn láti ọdún tó kọjá; tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti lọ nìyẹn, mi ò lè gbà á padà fún yín." Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé ẹnì kan ló ń dà yín láàmú. Mo ní kò sẹ́nì kan.

Ó ní kọ̀ǹpútà náà kì í gbà láì jẹ́ pé èèyàn kọ ìdí sí i. Kí ni kí òun kọ? Kí n tó lanu, ó ti ń bá mi wá a: ṣé ọ̀nà ló jìn, sà? Ṣé ara ọmọ ni kò le? Ọmọ dáadáa ni. Bó ṣe ń ṣe nígbà tó jẹ́ mọ́nítọ̀ náà nìyẹn, òun ló máa ń bá àwọn tó pẹ́ wá àwáwí.

Mo ní, "Kọ ọ́ pé mo gba àyè náà nítorí pé mò ń jowú ìyàwó mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí lójú, ẹ̀rín náà tán. Ó ní, "Sà, mi ò lè kọ ìyẹn." Mo ní kọ ọ́, o mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó kọ ọ́. Ó yí i sí mi kí n wò ó. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Mo bá Ẹnìkejì ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ ilé-ìwé Àkókó. Mo sọ fún un pé mo ti fà á yọ, pé ó lè sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ẹ ṣeun. Ó ń ká aṣọ lọ. Kò bi mí léèrè nǹkan kan, mo sì lè dákẹ́ síbẹ̀.

Mo ní wọ́n béèrè ìdí. Ó ní, "Kí lẹ sọ fún wọn?"

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Mo rò pé yóò sunkún, mo tún rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò ṣe méjèèjì. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ sórí itan, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀nà tó ti ń rìn tipẹ́.

Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Ó ti dé ẹnu mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n yàn ọ́. Mo gbé e mì.

Mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Mo fa àga kan súnmọ́ tirẹ̀, mo jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ náà gùn, láti ọdún tí mo di ọ̀gá ni, kó fara balẹ̀ gbọ́ mi.